Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ìtàn Àríyànjiyàn Tó Lé ní Ogún Ọdún Lórí Ẹnu Tí Linux Fi Ń Sọ̀rọ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó kú, ó máa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lò ó kì í sábà gbọ́ ọ, nítorí pé abẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà: ìlà kúkúrú kan ní díìsìkì kò dáhùn mọ́, òmíràn ní ibi ìpamọ́ ti kún, òmíràn ní iṣẹ́ ti dàrú ní ojú ibi báyìí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ ohun tó pa ẹ̀rọ kì í sábà ní ẹlẹ́rìí mìíràn ju àwọn ìlà wọ̀nyí lọ. Bí ìlà tó kẹ́yìn kò bá jáde, òkú náà ti kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí sàréè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Orí Linux, ètò tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni Google kọ́ Android lé, Android náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù tí àwọn èrò ń tẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Inú ètò yìí ni àríyànjiyàn kan ti gba ohun tó lé ní ogún ọdún. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ìdìbò, ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n máa kọ ara wọn lọ́rọ̀ láti ọdún dé ọdún: nígbà tí ọ̀pọ̀ ọpọlọ bá wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ẹnu sì jẹ́ ọ̀kan, ta ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ìgbà wo ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn?

Ibùdó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Voice of Nigeria tó wà ní Ìkòròdú lè jẹ́ kí ìṣòro náà tètè yé ni. Iléeṣẹ́ yìí ń bá ayé sọ̀rọ̀ ní èdè mẹ́jọ: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá, Swahili, Haúsá, Fúlàní, Ìgbò àti Yorùbá. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sójú ọ̀run kò lè gbé èdè méjì lórí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn Yorùbá àti ẹni tó ń ka ti Haúsá bá jọ bẹ̀rẹ̀, ariwo lásán ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Nítorí náà, ẹnì kan ni yóò wà nídìí gbohùngbohùn, àwọn yòókù yóò dúró de àsìkò tiwọn. Títí débí, kò sí wàhálà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá béèrè ohun mẹ́ta. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni tó wà nídìí gbohùngbohùn bá ń kó ìròyìn tiwọn síwájú rẹ̀ kó máa bá wọn kà á, tí kò sì ráyè lọ sílé mọ́ ńkọ́? Bí ó bá dákú sórí àga pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lápò rẹ̀ ńkọ́? Bí iná bá ń jó ilé, tí ẹni tó rí iná náà wà níta tí kò rí ọ̀nà wọlé ńkọ́? Linux kojú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds ní Yunifásítì Helsinki nígbà tó kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́, ọpọlọ kan ṣoṣo sì ni kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ fún ní. Inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni irinṣẹ́ tó ń jẹ́ printk ti wà. Lẹ́tà k tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ dúró fún kernel, ìyẹn apá àárín gbùngbùn tó ń darí gbogbo ohun yòókù nínú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ printk kò ju kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kernel, kó sì gbé e síta. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbà jáde ni àwọn onímọ̀ ń pè ní console: ó lè jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ mìíràn. Console ni ẹnu. Printk ni ahọ́n.

Ní June 1996, Linux 2.0 jáde, ó sì lè darí ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá rọrùn: àgádágodo ńlá kan tí wọ́n pè ní Big Kernel Lock. Ọpọlọ tó bá fẹ́ wọ inú kernel gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyókù yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọpọlọ ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀rọ ni ìdúró náà ń le sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgádágodo kéékèèké rọ́pò rẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó di 2011, nígbà tí ẹ̀dà 2.6.39 jáde, kí wọ́n tó yọ àgádágodo ńlá náà pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tó jọ ọ́ nínú ìwà ṣẹ́kù sídìí console. Òun ni ìtàn yìí dá lé.

Ọjọ́ kìíní oṣù March 2001 ni ọjọ́ tí Andrew Morton kọ sí ara àtúnṣe tó ṣe sí printk, ìlà tó kọ ọ́ sí sì wà lókè fáìlì náà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Òfin tó ti ibẹ̀ jáde lọ báyìí. Ọpọlọ tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ọpọlọ jọ ń lò. Lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ console. Bí ó bá rí i gbà, òun ni yóò ka ohun tó wà nínú ìwé náà síta. Bí kò bá rí i gbà, kò ní dúró rárá. Yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ti gbogbo ènìyàn tán kó tó jáde.

Lójú ẹni tó ń lọ, òfin náà dára púpọ̀. Lójú ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ wo bí wáyà console ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ sí 115,200, èyí tó wọ́pọ̀ jù, lẹ́tà 11,520 ni ó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá wá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìlà kan tó ní lẹ́tà 80 yóò gba nǹkan bíi méje nínú rẹ̀ kó tó tán. Èyí kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ń sáré ní gigahertz mẹ́ta ìbá ti gbé ìṣísẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 20 láàárín ìgbà náà. Ẹnì kan ń kà pẹ̀lú ìwọ̀nba lẹ́tà tí wáyà lè gbé. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń kọ̀wé pẹ̀lú iyára mànàmáná. Kò sí bí òǹkàwé yẹn yóò ṣe parí.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ figbe ta. Linux ní ajá ìṣọ́ kan: bí ọpọlọ kan bá dúró sójú kan náà fún 20 ìṣẹ́jú àáyá láìjẹ́ kí iṣẹ́ mìíràn rí àyè lò ó, ajá náà yóò gbó pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọpọlọ tí kò ṣe ohun búburú kankan ju pé ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé lọ ni ajá náà wá ń gbó mọ́. Ohun tó tún dà bí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ ni pé inú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni gbígbó ajá ń wọ̀ sí. Ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn ni yóò tún ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní àgádágodo tirẹ̀, ìyẹn sì mú ewu mìíràn wá. Oríṣi ìpè pàjáwìrì kan wà nínú ẹ̀rọ tí ọpọlọ kò lè di etí sí, ohun yòówù kó máa ṣe lọ́wọ́. Ká ní ọpọlọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àgádágodo ìwé náà kó lè kọ ìlà kan sínú rẹ̀, tí ìpè yìí wá dé, tí ìpè náà sì tún ní ohun tó fẹ́ kọ. Yóò nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́, yóò bá a pé ẹnì kan ti mú un, yóò sì dúró de ẹni náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹni náà. Yóò dúró de ara rẹ̀ títí ayé. Ní 2016, Petr Mladek ti iléeṣẹ́ SUSE wá fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tirẹ̀ tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè kọ̀wé sí, kí wọ́n máa dà á sínú ìwé ńlá bó bá yá. Ó ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n nídìí console kò tíì yanjú.

Ẹlẹgbẹ́ Mladek ní SUSE, Jan Kara, ti ń mú àbá wá lórí ìyẹn láti nǹkan bíi 2013. Sergey Senozhatsky gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n ń wí mọ́gbọ́n wá: kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa ka ìwé náà síta lọ, kí ọpọlọ yòókù máa kọ̀wé sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé rédíò ń ṣe. Akọ̀ròyìn ń kọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń kà.

Síbẹ̀, àwọn tó tako àbá náà ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jí kó tó lè kàwé. Ẹni tó ń jí àwọn òṣìṣẹ́ nínú kernel ni ètò tó ń pín àsìkò fún iṣẹ́ gbogbo, bí ètò yẹn gan-an bá sì ni ohun tó bàjẹ́, ta ni yóò jí òǹkàwé? Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ sọ kó tó kú, yóò wà nínú ìwé, ìwé náà yóò sì bá ẹ̀rọ kú. Torvalds wà lára àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pé printk yóò kọ̀wé sílẹ̀ tí yóò sì lọ láìsí ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọ̀rọ̀ di fà-mí-kí-n-fà-ọ́ fún ọdún mélòó kan. Kò yẹ kí a dá apá kankan lẹ́bi: àwọn kan ń gbèjà ẹ̀rọ tó wà láàyè kó má baà kú nítorí ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn kan ń gbèjà ẹ̀rọ tó ń kú lọ kó lè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní ìparí 2017 ni Steven Rostedt gbé ohun mìíràn kalẹ̀, ó sì wọ inú ẹ̀dà 4.16 tó jáde ní April 2018. Kò gba òṣìṣẹ́ kankan. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ara rẹ̀ hàn gbangba pé òun ni olùdìmú nísinsìnyí. Ẹni tó bá dé bá a kò ní bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyọ ẹnì kan péré sì ni àyè ìdúró náà gbà. Bí olùdìmú bá ti ka ìlà kan tán, yóò wẹ̀yìn. Bí ó bá rí ẹni tó ń dúró, yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá rí ẹnì kankan, ìyẹn ni pé àwọn tó ń kọ̀wé ti dákẹ́, yóò ka ìyókù tán. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ ọgbọ́n yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tó rẹ̀ yóò fi àjẹ̀ ìtukọ̀ lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ọkọ̀ dúró.

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn kí ẹlòmíràn tún un tì, àti kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ nínú yàrá. Nínú ọ̀nà ti Rostedt, ilẹ̀kùn kò ṣí rárá. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló yí padà. Kì í ṣe gbogbo àgádágodo ló gba irú èyí. Èyí tí wọ́n ń pè ní mutex nínú Linux mọ ẹni tó ni ín, ẹni tó tì í nìkan ló sì lè ṣí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní semaphore kò mọ ẹnì kankan. Ó kàn mọ̀ pé wọ́n ti mú kọ́kọ́rọ́ tàbí wọn kò tíì mú un. Semaphore ni ti console, àìmọ olúwa rẹ̀ yìí ló sì jẹ́ kí ìfilélọ́wọ́ ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Linux tún ní akọ̀wé kan, lockdep ni orúkọ rẹ̀, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó di àgádágodo wo mú, kó lè kìlọ̀ bí méjì bá fẹ́ máa dúró de ara wọn. Akọ̀wé yìí kò lè rí ìfilélọ́wọ́ tí kò sí ṣíṣí àti títì nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ àtúnṣe náà ní láti fi ọwọ́ ara wọn sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́dọ̀ lágbájá, ó ti dé ọ̀dọ̀ tàmẹ̀dù.

Gbogbo èyí dára fún ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le. Ìbéèrè kejì, ti ẹni tó dákú sórí àga, ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí Linux bá rí i pé ọ̀ràn ti kọjá àtúnṣe, ó máa ń kéde ohun tí wọ́n ń pè ní panic. Ọpọlọ tó kéde rẹ̀ yóò dá gbogbo ọpọlọ yòókù dúró lójú ẹsẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá dúró lè jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ console wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kú, kò yè, kò sì ní lè fi nǹkan kan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn: orúkọ irinṣẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀, bust_spinlocks, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ọpọlọ tó wà nínú panic yóò nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́; bí kò bá rí i gbà, yóò ṣe bí ẹni pé ó rí i gbà, yóò sì máa kà lọ.

Ìlú Èkó ti rí irú èyí nínú ọ̀ràn ti ènìyàn. Ní 22 April 1990, àwọn ọmọ ogun tí Mejọ Gideon Orkar ṣáájú wọn gba ilé rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ yìí gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn Sani Abacha ni wọ́n ń gbọ́ pé ìdìtẹ̀ náà ti forí ṣánpọ́n. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí gbohùngbohùn bóyá ó ti ka ìlà rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni fífọ́ ilẹ̀kùn ṣe rí, ewu tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ìwà nìkan. Ẹni tí wọ́n gba console lọ́wọ́ rẹ̀ lè ti wà láàárín iṣẹ́, ó ti yí bọ́tìnì kan, kò tíì yí èkejì. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè sọ̀rọ̀ kí ohun tó jáde má ní ìtumọ̀, tàbí kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ pátápátá.

John Ogness, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Linutronix ní ilẹ̀ Jámánì, ló gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ló fi àbá tirẹ̀ ránṣẹ́. Ní September ọdún náà ni òun àti àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó pọ̀ ní ìlú Lisbon, níbi àpéjọ Linux Plumbers, tí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú ẹ̀dà 5.10, tó jáde ní December 2020, ìwé tuntun dé tí kò ní àgádágodo kankan. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ń gba ojú ewé tirẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní láti dúró de ẹlòmíràn, títí kan ìpè pàjáwìrì. Ẹni tó ń dúró de ara rẹ̀ bọ́ nínú ìdè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sórí òṣìṣẹ́ tí Kara àti Senozhatsky ti ń wí. Wọ́n fún console kọ̀ọ̀kan ní òǹkàwé tirẹ̀ nínú ohun tí yóò di ẹ̀dà 5.19, ní May 2022. Kò pé oṣù méjì tí àròyé fi dé pé ọ̀rọ̀ kan kò jáde ní ìgbà tó yẹ kó jáde. Ohun tí àwọn alátakò ti ń sọ láti ìgbà Kara kò jẹ́ àlá lásán. Ní June, kí ẹ̀dà náà tó jáde, wọ́n yọ gbogbo iṣẹ́ náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ni ìbá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tí Ogness àti Thomas Gleixner ń kọ́ lọ́wọ́ kọjá òǹkàwé lásán. Wọ́n pè é ní nbcon, orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ Big Kernel Lock àtijọ́: console tí kò ní àgádágodo ńlá. Ìpilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìparí 2023. Ohun àkọ́kọ́ tó yàtọ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó wà fún gbogbo ẹnu ti parí. Console kọ̀ọ̀kan ní olùdìmú tirẹ̀. Ará Ẹ̀pẹ́ kò ní kà á sí àjèjì. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní Ọlọ́jà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ní Olú, ìlú náà sì jẹ́ Ẹ̀pẹ́ síbẹ̀. Ọlọ́jà kì í dúró kí Olú sọ̀rọ̀ tán kó tó bá àwọn ènìyàn tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kejì ni ipò. Olùdìmú tó ń ka ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wà ní ipò ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ga jù ú lọ. Ẹni tó wà nínú panic ló ga jù. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga lè gba console lọ́wọ́ ẹni tí ipò rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí yóò gbà ní ìlànà. Olùdìmú gbọ́dọ̀ fi àmì hàn bí ó bá wà ní ibi eléwu, ìyẹn ibi tí ó ti yí bọ́tìnì kan tí kò tíì yí èkejì. Bí àmì náà kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ga jù lè gbà á lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, yóò kọ orúkọ ipò rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ń béèrè, yóò sì dúró fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ lè dé ibi àlàáfíà kó sì fi í sílẹ̀. Fífọ́ ilẹ̀kùn ṣì wà, ṣùgbọ́n ìparí pátápátá ni wọ́n fi í sí, nígbà tí panic ti dé òpin tí kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipá ni wọ́n fi gbà á. Gbogbo ohun wọ̀nyí, ẹni tó di console mú, ipò rẹ̀, ipò ẹni tó ń béèrè, àmì ewu àti àmì ipá, ni wọ́n kó sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ọpọlọ lè kà á tàbí kó yí i padà ní ìgbésẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò lè já lu.

Ibi tó jinlẹ̀ jù ni ojúṣe ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ránṣẹ́ pè é. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wò ó ní gbogbo ìgbésẹ̀ bóyá òun ṣì ni olùdìmú, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí ó bá rí i pé òun kọ́ ni mọ́, yóò dáwọ́ dúró níbi tó dé, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Nínú ètò àtijọ́, ẹni tó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ lè fọkàn balẹ̀ pé tòun ni títí òun yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú nbcon, níní kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó ń béèrè ni, lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ ní irú rẹ̀. Ní December 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó, wọ́n sì dá Akítóyè padà síbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí, àwọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀. Fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Èkó ní ọba lórí ìtẹ́, ó sì ní ẹni tó gbà pé òun gan-an ni ọba, tó ń fi ọkọ̀ àti ìbọn já wọ ọ̀sà láti gba ohun tó kà sí tirẹ̀ padà. Olùdìmú méjì, ìtẹ́ kan. Ní 28 September 1854, ní Ẹ̀pẹ́, ni Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pé òun kò ní gbìyànjú láti gba Èkó padà mọ́. Wọ́n sì gbà pé èbúté Palma àti ti Lẹ́kí wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí nbcon fi ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá béèrè lọ́wọ́ ọpọlọ kan gba ọba kan ní ọdún mẹ́ta kó tó gbà, kò sì rọrùn fún un.

Ní 20 September 2024, níbi àpéjọ kan ní ìlú Vienna, Gleixner fi ìwé kan lé Torvalds lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé gidi, wọ́n sì fi bébà aláwọ̀ wúrà wé e. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ni pé kó gba apá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ tó ń sọ Linux di ètò tí kì í pẹ́ dáhùn, irú èyí tí ẹ̀rọ ìsegi tàbí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn nílò, iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi ogún ọdún sẹ́yìn. Printk ni ohun ńlá tó kẹ́yìn tó ti ń dí i lọ́nà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣèlérí pé yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ kò lè gba kí ọpọlọ rẹ̀ jókòó sídìí wáyà kan máa ka ìwé fún gbogbo ayé. Torvalds gbà á, ẹ̀dà 6.12 sì jáde ní 17 November ọdún náà, pẹ̀lú òǹkàwé fún console tuntun tí wọ́n bá kọ lọ́nà nbcon. Ní ọjọ́ tí ara ẹ̀rọ bá le, òǹkàwé yóò kà. Ní ọjọ́ ìpayà, ọpọlọ tó rí iná kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó kígbe.

Gbogbo fáìlì tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, inú àpò kan náà tó ń jẹ́ printk nínú kernel. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ti Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú, lè ṣí wọn lónìí láìsan kọ́bọ̀ ju owó dátà lọ. Yóò rí nbcon nínú fáìlì tirẹ̀. Nínú fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò rí orúkọ Morton lókè pẹ̀lú ọjọ́ kìíní oṣù March 2001, àti olùdìmú ti Rostedt nísàlẹ̀. Wọn kò yọ wọ́n kúrò, nítorí pé ọ̀pọ̀ console ni ẹnikẹ́ni kò tíì tún kọ lọ́nà tuntun, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà sì ni wọ́n ṣì fi ń sọ̀rọ̀.